Mo ti lé lógójì ọdún, mo wá ń ka Great Expectations: ṣé kí n pa á tì ni?

ÌBÉÈRÈ TÓ DÁ Ọ̀RỌ̀ SÍLẸ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni ọdún 41 ni mí. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń ka ìwé Charles Dickens yẹn, Great Expectations, mo ti dé orí 18, níbi tí lọ́yà ti wá sọ fún ọmọ yẹn, Pip, pé ẹnì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun ti ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún un, kó máa bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n wá di jẹ́ńtúmàànù. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀dà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti gé kúrú ni wọ́n fún wa, mo gbádùn ẹ̀ débi pé abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí. Odindi ẹ̀ ni mo wá rà báyìí, ká má parọ́, ọmọ náà ń bí mi nínú. Kò tíì rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti ń tijú. Ó ń tijú ọwọ́ ara ẹ̀ tó le, ó ń tijú bàtà ẹ̀, ó ń tijú Joe, alágbẹ̀dẹ tó tọ́ ọ, gbogbo ẹ̀ nítorí pé ọmọbìnrin kan fi í ṣẹ̀sín nígbà tí wọ́n ń ta káàdì. Ìyàwó mi ní ìwé ọmọ iléèwé ni mò ń gbé kiri, pé àgbàlagbà tó ní owó iléèwé àwọn ọmọ láti san, kí ló ń wá nínú ìtàn ọmọ ọdún méje. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé irú ìwé yìí ní àsìkò ni, tí àsìkò ẹ̀ bá ti kọjá lórí èèyàn kó yáa gbé e sílẹ̀? Àbí kí n fara dà á?

* * *

Ẹ má pa á tì o. Inú tó ń bí yín yẹn, iṣẹ́ tí ìwé náà wá ṣe nìyẹn. Èmi náà ti lé lógójì dáadáa, ọdún tó kọjá ni mo tún un kà, ó ku díẹ̀ kí n sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 15. Ta ló ń sọ ìtàn yẹn? Pip tó ti dàgbà ni, ọkùnrin tójú ẹ̀ ti rí nǹkan, ó jókòó ó ń rántí ìwà ara ẹ̀ nígbà èwe, kò sì bo ara ẹ̀ láṣìírí rárá. Níbi tí ọmọ náà bá ti ń ṣe fáàrí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa gbọ́ àgbàlagbà kan tó ń pòṣé lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọdé tó ń kà á kì í gbọ́ òṣé yẹn, ìtàn ló ń sáré lé. Ẹni ọdún 48 ni Dickens nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tiẹ̀, All the Year Round, ní December 1860. 1812 ni wọ́n bí i, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ó ti bímọ mẹ́wàá nígbà yẹn. Àwọn tó fi í sínú kàríkúlọ́ọ̀mù ló sọ ọ́ dìwé ọmọ iléèwé, òun ò rán wọn níṣẹ́.

Wọ́n ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an la fi ń ka ìwé yìí. Ọmọ ọdún 15 ò tíì tijú ẹnikẹ́ni débi tó fi máa máa dùn ún lógún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn.

* * *

Ẹnì kan ní kí n ṣàlàyé ìtàn náà fún àwọn tí ò kà á rí, ẹlòmíì sì ń pariwo pé kí n má sọ ibi tó parí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó ti tán nínú ìwé ìròyìn láti August 1861, àṣírí wo ló tún kù níbẹ̀? Ẹni tí ò bá fẹ́ gbọ́ kó fo èyí tó kàn yìí.

Ọmọ òrukàn ni Pip, abúlé kan létí àbàtà ní Kent ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló gbà á tọ́, pàṣán ò kúrò lọ́wọ́ obìnrin yìí, ó tiẹ̀ fún pàṣán náà lórúkọ. Ọkọ ẹ̀ ni Joe Gargery, alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, ẹlẹ́wọ̀n kan tí ṣẹkẹṣẹkẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ká ọmọ náà mọ́ ìtẹ́ òkú, ó ní kó lọ jí oúnjẹ wá fún òun àti fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á yọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀ sun jẹ. Ọmọ jí i wá. Lẹ́yìn ìyẹn la wá rí Miss Havisham, olówó tí ọkọ àfẹ́sọ́nà já kulẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó dá gbogbo aago ilé dúró ní agogo mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú, tí kò bọ́ aṣọ ìyàwó yẹn sílẹ̀ mọ́ títí ó fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ sí i lára, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, aláǹtakùn sì ti sọ kéèkì ìgbéyàwó dilé. Ó ń tọ́ ọmọbìnrin kan, Estella, kó lè bá a gbẹ̀san lára ọkùnrin. Pip kó sí i lọ́wọ́. Nígbà tí owó dé, Pip rò pé Miss Havisham ló fún òun. Irọ́. Ẹlẹ́wọ̀n yẹn ni, Magwitch, tí wọ́n ti kó lọ sí Ọsirélíà, tó ń sin àgùntàn níbẹ̀, tó ń kó èrè ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọmọ tó fún un lóúnjẹ lè di jẹ́ńtúmàànù. Tó bá fẹsẹ̀ tẹ Íńgíláǹdì padà, okùn ló máa fi lọ. Ó padà.

Ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ rojọ́ mi.

* * *

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú yẹn, torí ó lé ní èèyàn mẹ́ta tó ti sọ pé kò sí ìyàtọ̀, pé ìtàn kan náà ni. Mi ò gbà. Èyí tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ìlà bíi mẹ́rin ni wọ́n fi sọ orí 27, wọ́n ní Joe wá kí Pip ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n mu tíì, ó lọ. Ẹni tó bá gé orí 27, ẹ̀dọ̀ ìwé náà ló yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Lẹ́tà dé pé Joe ń bọ̀. Pip fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé tó bá ṣe é ṣe láti fi owó dá a dúró kó má wá, òun ì bá san án. Joe dé, ó ń nu ẹsẹ̀ lórí ohun ìnusẹ̀, ó ń nù ún, kò tán, bíi pé ó fẹ́ fi ìnusẹ̀ pẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Kọ́là ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ àti ti kóòtù ẹ̀ ń ha á lọ́rùn, Pip ò mọ ìdí tí èèyàn fi máa ha ara ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbà pé òun ti múra. Fìlà ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú, bíi pé ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyin wà nínú ẹ̀ ni, kò fẹ́ gbé e fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó máa wá gbé e kalẹ̀, etí pẹpẹ tó wà lókè ibi ìdáná ló gbé e sí, tó fi jẹ́ pé fìlà ń já bọ́ léraléra, Joe á fò dìde á há a bíi gólíkípà, á tún dá a padà síbẹ̀, títí ó fi já sínú abọ́ tí wọ́n ń da ìṣẹ́kù tíì sí. Oúnjẹ tó bọ́ nílẹ̀ ju èyí tó wọ ẹnu lọ, ó sì ń díbọ́n bíi pé òun kọ́ ló jù ú sílẹ̀. “Sà” ló ń pe ọmọ tó tọ́ dàgbà. Lẹ́nu kan náà ó tún máa pè é ní Pip, ó tún máa padà sí sà.

Ẹnì kan ní Dickens ti fa ọ̀rọ̀ fìlà yẹn gùn jù. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní bátànì tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Nígbà tí Joe máa lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ kò ní fìlà nínú mọ́, kò ní sà nínú: ó ní aṣọ yìí kò bá òun mu, tí òun bá ti kúrò ní àgbẹ̀dẹ àti ilé ìdáná àti àbàtà, ibi tí kò yẹ òun lòun wà, pé tí Pip bá fẹ́ rí òun, kó wá yọjú lójú fèrèsé àgbẹ̀dẹ, á bá òun nídìí owú pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti jóná, á rí i pé àlébù òun ò tó bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí Pip, ó jáde. Kí Pip tó gbára dì láti sáré tẹ̀ lé e, kò rí i mọ́.

* * *

Mo fẹ́ fi tèmi kún un, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àbúrò bàbá mi ló tọ́ mi. Wẹ́dà ni, Ìwó Road ló ń gbé, n’Íbàdàn, géètì àti bọ́gilá ló ń ṣe. Gbogbo ẹ̀wù ẹ̀ ló ní ihò kéékèèké tí iná ti ta sí, bí asẹ́. Wọ́n ti gbà mí sí iléèwé tí à ń gbé inú ẹ̀, ibi táwọn ọmọ ti ń fi mọ́tò bàbá wọn yangàn. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń wá kí ọmọ, ó dé. Kóòtù tó fi gbéyàwó ló wọ̀, ó ti fún un lápá, bọ́tìnnì ò pàdé mọ́, ó sì fi póńmédì pa irun ẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó gbé gààrí àti ẹ̀pà yíyan sínú nylon, ó so ó ní ìdí mẹ́ta.

Ọmọ kan bi mí pé bàbá ẹ nìyẹn? Mo ní rárá, ẹni tó ń bá wa ṣe géètì ilé ni.

Mi ò mọ̀ pé ó ti súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo ní kí n yà bá a sọ pé géètì yẹn ti ń parí lọ.” Ó gbé nylon kalẹ̀, ó bi mí bóyá mo ń jẹun dáadáa, ó lọ. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nígbà yẹn mo rò pé kò mọ aṣọ wọ̀ ni. Ẹni tó ń fi kọ́là fún ara ẹ̀ lọ́rùn nítorí èmi, mi ò rò ó. Ọdún 30 àti díẹ̀ ló gbà mí kí n tó mọ̀, orí ìwé òyìnbó kan ni mo sì ti mọ̀ ọ́n, ó wá ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi lédè mi.

* * *

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí la fẹ́ fi ìtàn ọmọ òyìnbó ṣe nígbà tá a ní tiwa. A ní tiwa, mi ò jiyàn. Aké tí Ṣóyínká kọ ní 1981, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti yí i sí Yorùbá, ẹ lọ kà á, mo ní ín nílé, ó dùn jọjọ. Ṣùgbọ́n ìrántí ìgbà èwe nìyẹn, ilé tí wọ́n ti ń kàwé ni ọmọ yẹn sì ti jáde. Ohun tí mò ń sọ nípa ẹ̀ níbí ni ọmọ tó gòkè tán tó wá ń fojú wá ọ̀nà tó máa gbà sẹ́ ẹni tó gbé e gòkè. Ìyẹn ò ní ìlú. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù lónìí ni ti ẹni tó ní ọ̀dẹ̀ ni Joe, pé ọkùnrin alágbára tó ń fi òòlù lu irin látàárọ̀ dalẹ́, tó jókòó tó ń wo ìyàwó ẹ̀ tó ń fi pàṣán na ọmọ ọlọ́mọ, kí ló wá dára lára ẹ̀?

Ní tòdodo, ìbéèrè àgbàlagbà nìyẹn, èmi náà bi ara mi. Ẹ padà sí orí 7. Joe sọ fún Pip pé ọ̀mùtí ni bàbá òun, pé ó ń lu ìyá òun, ó ń lu òun, ìyá á gbé òun sá, bàbá á wá wọn kàn, á kó wọn padà, ẹgba á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní ohun tí ojú òun rí lára ìyá òun, ẹ̀rù ń ba òun kí òun má lọ hùwà àìda sí obìnrin, pé kàkà kí òun ṣàṣejù, ó sàn kí òun ṣe àṣekù. Ó tún ní ó wu òun kí gbogbo ẹgba náà wá sí ẹ̀yìn òun dípò ti Pip. Ọkùnrin yìí kan náà ni, nígbà tó ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n Pip, tó ní kó gbé ọmọ náà bọ̀, pé àyè wà fún un ní àgbẹ̀dẹ.

Mo mọ ìdí ẹ̀ báyìí. Mi ò sọ pé mo fọwọ́ sí i. Ọmọ náà ṣì ń jẹgba. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kó má dà bíi bàbá ẹ̀, ó tún jẹ́ kí ọmọ míì jẹ irú ìyà tí òun jẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Joe kàn jẹ́ èèyàn dáadáa tó máa ń mú oorun kùn mí díẹ̀. Nísinsìnyí tí mo ti di bàbá, òun ni mo ń bá jiyàn jù nínú gbogbo wọn.

* * *

Díẹ̀ nípa bí ẹ ṣe máa kà á, torí ẹ̀ ń bèèrè.

Orí 59 ni. Ọ̀sẹ̀ 36 ni àwọn tó kọ́kọ́ kà á fi kà á, orí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, wọ́n á wá dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e mì lópin ọ̀sẹ̀ kan, á há yín lọ́fun. Orí méjì lọ́sẹ̀, ó tó. Kò sí pé ẹnì kan ń gba owó orí ẹ̀ mọ́, ó ti pẹ́ jù fún ìyẹn, ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg sínú fóònù, mo mọ̀ pé àwọn kan ní ìwé orí fóònù ò kún ojú, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, níbi tí iná ò ti sí, fóònù ló ń tàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu Joe ló máa kọ́kọ́ dà yín láàmú, òyìnbó oko ni, sípẹ́lì ẹ̀ kò tọ́. Ẹ ka ibẹ̀ sókè. Ẹ máa gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Tèmi tó jẹ́ ìwé gidi, ọwọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé ògbólógbòó lójú títì ni mo ti rà á, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń ka bí Pip ṣe ń jayé orí ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, mo ṣí ojú ìwé, Magwitch ti jókòó sínú ilé, ó ti sùn, ó ti jí, ó ń jẹun. Ojú ìwé 16 ni wọn ò dì mọ́ ọn! Orí 39 ní odidi, alẹ́ tí òjò ń rọ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n yẹn gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá sọ fún Pip pé òun lòun sọ ọ́ dèèyàn, ibẹ̀ gan-an ló fò. Ẹ ka ojú ìwé yín kí ẹ tó sanwó.

Àwọn tó ń bi mí bóyá kí wọ́n fún ọmọ ọdún 13: ẹ fún un. Á gbádùn ẹlẹ́wọ̀n àti kéèkì aláǹtakùn. Ìyókù á dúró dè é.

* * *

Ẹnì kan tó ń gbé ní Kent sọ nǹkan kan lókè tẹ́ ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀. Ó ní òun ti dé ṣọ́ọ̀ṣì Cooling níbi tí wọ́n ní Dickens ti rí ìtẹ́ òkú inú orí kìíní yẹn, àwọn òkúta kéékèèké tí wọ́n tò sórí sàréè àwọn ìkókó. Nínú ìwé, márùn-ún ni àwọn ọmọ ìyá Pip tó kú ní kékeré. Ní Cooling, 13 ni òkúta náà. Òǹkọ̀wé dín in kù kó tó lè ṣe é gbàgbọ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́, kò kan ìjà wa.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Pip ò ṣẹ̀, pé ṣé kó jókòó sí àgbẹ̀dẹ kó máa fẹ ẹwìrì títí ayé ni, mo gbọ́ yín. Kó kúrò nílé ò láìfí. Gbogbo wa la kúrò nílé. Miss Havisham tiẹ̀ ti san gíní 25 fún Joe nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ Pip, ọmọ náà sì ti ń bínú lọ́jọ́ yẹn pé iṣẹ́ yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ohun tó burú wà ní orí 28 àti 30. Lẹ́yìn tí Joe ti wá tó ti lọ, Pip bá tirẹ̀ lọ sí ìlú tí ilé Miss Havisham wà, nítòsí abúlé Joe, láti lọ wo Estella. Ó kọ́kọ́ ní ilé Joe lòun máa sùn. Kí mọ́tò ẹṣin tó gbéra, ó ti ń wá àwáwí: wọn ò retí mi, bẹ́ẹ̀dì ò ní tíì wà nílẹ̀, mo máa ni wọ́n lára. Òtẹ́ẹ̀lì ló sùn. Ó wà nítòsí Joe, kò yọjú. Nígbà tó padà dé Lọ́ńdọ̀n, ó fi ẹja òkun ńlá kan àti àgbá oyster kan ránṣẹ́ sí Joe.

Ẹja yẹn, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo dákẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀n, ará Houston, ẹ̀yin ará Èkó pàápàá tí ò ju wákàtí méjì sílé, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Álẹ́ẹ̀tì tá a fi ń ránṣẹ́ lóṣooṣù, tá a wá ń sọ pé “mo gbìyànjú, mo ń fún wọn lówó,” ìgbà wo la yọjú gbẹ̀yìn? Èmi ti fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí Ìwó Road bí ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òde.

* * *

Ti bó ṣe parí, kí a tètè yanjú ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tí Dickens kọ́kọ́ kọ, Pip àti Estella kàn pàdé lójú títì Lọ́ńdọ̀n, Estella ti fẹ́ ẹlòmíì, ọmọ Joe wà lọ́wọ́ Pip, obìnrin náà rò pé ọmọ Pip ni, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, Bulwer-Lytton, tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, kà á kó tó jáde, ó ní ó ti korò jù, Dickens bá yí i padà, ó kó àwọn méjèèjì pàdé nínú àlàpà ilé Miss Havisham, ó jọ pé wọn ò ní pínyà mọ́. Lẹ́yìn ikú Dickens ni Forster, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kejì, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, gbé ti àkọ́kọ́ jáde. Forster yìí kan náà ló tú u fún aráyé pé nígbà tí Dickens wà lọ́mọ ọdún 12, ní 1824, bàbá ẹ̀ wà lẹ́wọ̀n gbèsè, òun sì wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pólíìṣì bàtà, ó ń lẹ bébà mọ́ ìgò. Ó fi gbogbo ayé ẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń kọ nípa ìtìjú, ó mọ bí ó ṣe ń dùn.

Èmi ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́. Nígbà tí mo wà ní 15, ǹ bá ti sunkún tí wọn ò bá fẹ́ra. Ní báyìí, Estella ò tiẹ̀ kàn mí mọ́. Tèmi parí sí orí 57.

Níbẹ̀, owó ti tán, Magwitch ti kú, Pip ń ṣàìsàn, wọ́n wá mú un nítorí gbèsè tó jẹ alágbẹ̀dẹ wúrà: pọ́n-ùn 123, ṣílè 15, pẹ́ńsì mẹ́fà. Ibà ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé e lọ. Ìgbà tí ojú ẹ̀ máa là, Joe ló ń tọ́jú ẹ̀. Bí ara ẹ̀ ṣe ń yá, ni Joe tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe sà díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Pip jí, Joe ti lọ. Lẹ́tà kékeré ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo gbèsè yẹn nínú ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ló san án. Ẹ sì rántí pé nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà J àti O nìkan ni Joe lè dá mọ̀ nínú ìwé. Pip gbìyànjú láti kọ́ ọ, kò wọ orí ẹ̀. Ẹlòmíì ló kọ́ ọ.

Mo pa ìwé dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pe ẹni tó tọ́ mi. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti ní kó fi wẹ́dìn sílẹ̀ nítorí ojú ẹ̀. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ géètì ọjọ́sí yẹn, níléèwé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Géètì wo?” Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Títí di báyìí mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni tàbí ó tún ń bá mi parọ́ ẹ̀.

* * *

ẸNI TÓ BI ÌBÉÈRÈ PADÀ WÁ

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti ka orí 27. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀. Wàhálà tó wà ńlẹ̀ ni pé ìyàwó mi gbé ìwé náà lánàá láti fi ka ìwọ̀nba tó fi máa bú mi, kò tíì dá a padà. Ó ti kọjá mi báyìí, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá òun sọ̀rọ̀ títí òun á fi mọ ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lóru yẹn. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ rà kejì. Kẹ́ ẹ sì ka ojú ìwé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.